Ṣé Májèlé Ni Awùjẹ Tí Mò Ń Tà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀wà ni mò ń tà ní Ọ̀fà. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìlọrin wá bu kóńgò awùjẹ kan nínú ọjà mi. Mo ṣe bí ó fẹ́ sè é ni. Ó ní lílọ̀ ni òun máa lọ̀ ọ́, pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń di ṣúgà mú, òun sì fẹ́ sọ ọ́ di kírísítà kí àwọn lè mọ bó ṣe rí. Fọ́tò tó fi hàn mí, iyọ̀ lásán ni mo rí. Ó tún ní nǹkan yẹn máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣù. Àyà mi já. Ṣé májèlé ni mò ń tà? Kí ló sì dé tí wọn ò kàn fi máíkírósíkóòpù wò ó?
Oníẹ̀wà, Ọ̀fà

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọmọ yín láre, n óò bọ̀ sórí májèlé.

Lẹ́kítìn ni wọ́n ń pe nǹkan náà. Pùròtíìnì ni, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ irúgbìn tó jẹ́ ìdílé ẹ̀wà. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní ṣúgà tó máa ń dì mú. Ti awùjẹ fẹ́ràn ṣúgà kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ oníríṣi A. Ẹ kán omi awùjẹ tútù sórí ẹ̀jẹ̀ A nínú abọ́, kíá ló máa ṣù jọ. Ẹ kán an sórí O, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tí ọmọ yín ń sọ nìyẹn.

Máíkírósíkóòpù kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí gùn ju àlàfo tó wà láàárín átọ́ọ̀mù méjì, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntín tí gbogbo nǹkan fi ṣe, lọ fíìfíì. Ìgbì X-ray ló kéré tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí X-ray bá kọlu ẹyọ pùròtíìnì kan ṣoṣo, ohun tó máa tàn padà kò tó nǹkan. Ẹ rántí Yídì Ìlọrin lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí gbogbo èèyàn bá to sááfù, tí wọ́n kọjú síbì kan náà. Bí kírísítà ṣe rí nìyẹn: àìmọye ẹyọ pùròtíìnì tó tò, tí X-ray á fi rí ohun kan náà lára gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà á wá ṣírò ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà.

Títò yìí ló nira. Wọ́n á lọ awùjẹ, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀ nínú òtútù, wọ́n á sẹ́ ẹ. Omi náà á gba inú páìpù kan tí wọ́n kó ṣúgà sí kọjá. Lẹ́kítìn nìkan ló máa lẹ̀ mọ́ ọn, ìyókù á ṣàn lọ. Wọ́n á wá da ṣúgà sí i kó lè tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kán ẹ̀kán kékeré kan sórí pẹlẹbẹ dígí, wọ́n á fi omi tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ pò ó, wọ́n á dojú dígí náà délẹ̀ sórí ihò tí omi oníyọ̀ yẹn wà, wọ́n á fi gíríìsì dí i pa. Omi á máa kúrò nínú ẹ̀kán náà díẹ̀díẹ̀. Bó bá yára jù, ẹrẹ̀ funfun lásán lẹ máa bá níbẹ̀. Bí NEPA bá sì mú iná lọ, tí yàrá gbóná, kírísítà tó ti ń hù lè yọ́. Ọmọ tó ń kánjú, kó má gbé iṣẹ́ yìí.

Ẹ ní iyọ̀ lẹ rí. Kó fi abẹ́rẹ́ gún un. Iyọ̀ le, á sì dún kẹ́. Kírísítà pùròtíìnì á rún wúyẹ́wúyẹ́, nítorí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ omi.

James Sumner, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ rí kírísítà lẹ́kítìn, ní 1919, láti inú ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní jack bean. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó ti pàdánù ọwọ́ òsì níbi ìṣọdẹ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17. Ọdún 1972 ni àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi X-ray yàwòrán pùròtíìnì náà tán, tí wọ́n rí i pé kálísíọ̀mù àti máńgáníìsì wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé láìsí wọn kò lè di ṣúgà mú.

Ó wá kan májèlé. Àwọn tó ń pariwo pé kí a má jẹ ẹ̀wà mọ́ nítorí lẹ́kítìn ń da ìlú láàmú lásán. Iná ló ń ba lẹ́kítìn jẹ́, ẹ̀wà sì gbọ́dọ̀ hó dáadáa ni. Ẹ̀wà pupa ńlá tí wọ́n ń kó wọlé, tí wọn kò bá sè é délẹ̀, máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Kí wọ́n rẹ ẹ́, kí wọ́n da omi náà nù, kó wá hó kankan, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 10. Èyí tí wọ́n gbé kaná wọ́ọ́rọ́wọ́ tí kò hó lè burú ju tútù lọ. Awùjẹ tún ní ohun kan tó máa ń yí padà di májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì, irú ti inú pákí, nítorí náà ẹ máa sọ fún oníbàárà pé kí wọ́n da omi àkọ́sè nù.

Ohun tí mo bẹ̀rù ni pé kó má di pé ọmọ yín ń wá làrà tàbí ìwérénjéjé kiri fún iṣẹ́ yìí. Àwọn náà ní èyí tó ń di ṣúgà mú, ṣùgbọ́n tiwọn ń pa èèyàn, kódà ìwọ̀nba díẹ̀. Bó bá pọn dandan, yàrá iṣẹ́ ni kó ti ṣe é, níṣojú ọ̀gá rẹ̀, kó má gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀ ń kó oúnjẹ sí.