Èsì: Ẹ má gbé ẹ̀rọ ìfọmọ́tò dé ògiri ilé àtijọ́ yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ fi ẹ̀rọ àwọn tó ń fọ mọ́tò fọ ògiri ilé bàbá yín àgbà ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, l'Ékòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ni wọn ò fi sìmẹ́ǹtì líle òde òní rẹ́. Omi alágbára á bó o, á tún wọnú ògiri lọ. Ọnà orí fèrèsé yẹn ló máa kọ́kọ́ já bọ́, ta ló sì kù tó lè ṣe irú ẹ̀?

Dúdú tí ẹ ń rí lára ògiri yẹn, ohun ẹlẹ́mìí tó ń hù nínú ọ̀rinrin ni; pípa ló yẹ kí ẹ pa á. Ẹ po ife Hypo (bílíìṣì) 1 mọ́ ife omi 3. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹ rọra fín in láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Tó bá tó ìṣẹ́jú 10, ẹ fi rọ́bà omi lásán ṣàn án láti òkè wá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú, ẹ bomi rin òdòdó ìdí ògiri ṣáájú. Ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì rárá, gáàsì rẹ̀ burú.

Ẹ wo ọ̀ṣọ̀rọ̀ òrùlé náà: tó bá ń jò sára ògiri, dúdú yẹn á padà.