Èsì: Omi bọhóòlù mọ́ gaara, ṣé ó ṣe é lò fún ohun gbogbo?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní omi bọhóòlù yín l'Ájàh mọ́ gaara, pé ṣé ẹ lè máa mu ún, kí ẹ fi bomi rin ẹ̀fọ́, kí ẹ sì lò ó nínú bọ́ílà. Ojú ò lè dá èyí mọ̀, àyẹ̀wò láàbù ló lè sọ ọ́.

Ti mímu ló le jù. E. coli, kòkòrò àìrí tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, ò gbọdọ̀ sí rárá nínú mílílítà 100. Nitrate, èròjà tó máa ń ti inú ìdọ̀tí sọ́kàwéè wọ omi, ò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan; bí sọ́kàwéè bá wà nítòsí, ẹ fura. Síse kì í lé nitrate lọ o! Ńṣe ló ń ki sí i bí omi ṣe ń fà, ọmọ ọwọ́ ló sì léwu fún jù.

Òkun sún mọ́ yín. Tí gbogbo àdúgbò bá ń fa omi láfàjù, omi iyọ̀ á máa wọlé, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n wo chloride (èròjà inú iyọ̀) àti conductivity (bí omi ṣe ń gbé iná mànàmáná tó; bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ ló ṣe ń ga). Bí conductivity bá ti kọjá 700 µS/cm (ìwọ̀n tí láàbù ń lò), àwọn irúgbìn kan á ti máa jìyà. Tó bá ju 3,000 lọ, ẹ má dà á sí ẹ̀fọ́. Sodium, tó wà nínú iyọ̀, máa ń ba ilẹ̀ amọ̀ jẹ́, àmọ́ yanrìn ni tiyín, ẹ̀rù ìyẹn ò bà mí púpọ̀.

Fún bọ́ílà, calcium àti magnesium ni ọ̀tá: wọ́n á lẹ̀ mọ́ inú páìpù.

Ìgò láàbù ni kí ẹ fi bu omi náà, kí ẹ sì gbé e dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà.