Ọjọ́ kúrò nínú Excel, ó dàrú nínú SQLite: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo wà, èmi ni mò ń bá ìyá mi kọ àkọsílẹ̀ àgbàdo àti gàrí tí wọ́n ń rà. Inú Excel ni gbogbo rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìlà ti pọ̀ débi pé kọ̀ǹpútà wa ń wọ́ ẹsẹ̀. Mo kó o sínú SQLite, àpótí àkọsílẹ̀ tí a ń fi èdè SQL bi léèrè. Nígbà tí mo bèèrè iye àpò tí a rà láti '01/03/2024' dé '31/03/2024', ó kó ti oṣù keje àti ti ọdún 2022 mọ́ ọn fún mi. SOMME.SI.ENS, fọ́múlà Excel tí mo fi ń ro iye tó bá ọjọ́ tí mo yàn mu pọ̀, kì í ṣe báyìí! Mo tún fẹ́ mọ bí mo ṣe lè ṣa ọjọ́ ọjà nìkan.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bá mi kí ìyá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọjọ́ yẹn ló kó bá ọ.

Nọ́ńbà ni Excel ń fi ọjọ́ pamọ́ sí. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni 1, ó sì ń kà á lọ bẹ́ẹ̀. 15/03/2023 ni 45000. Ọjọ́ tí ò ń rí lójú yẹn, aṣọ ni wọ́n wọ̀ fún nọ́ńbà. Ìdí nìyẹn tí fọ́múlà rẹ kì í fi í ṣì í.

SQLite ní tiẹ̀ kò ní ibi kan tó yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́. Bí o bá kó 12/02/2024 fún un, ọ̀rọ̀ lásán ló gbà á sí, á sì máa fi wé òmíràn láti apá òsì, bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè. '12/02/2024' ju '05/03/2024' lọ lójú rẹ̀, torí 1 ju 0 lọ. Kò tilẹ̀ dé ibi oṣù kó tó dájọ́.

Nítorí náà, ọdún ni kó ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn: 2024-03-05. Padà sínú Excel, yan òpó ọjọ́, kí o sọ ìrísí rẹ̀ di Standard (nọ́ńbà lásán). Èyí tó bá di nọ́ńbà, ọjọ́ gidi ni. Èyí tó bá ṣì di 05/03/2024 rẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ ni ẹnì kan tẹ̀ síbẹ̀ (ó máa ń wà, pàápàá bí èèyàn méjì bá ń tẹ fáìlì kan). Fún irú ìyẹn, lọ sí Données, Convertir, kí o yan Date JMA (ọjọ́, oṣù, ọdún) ní ìgbésẹ̀ ìkẹyìn. Lẹ́yìn náà, ṣe òpó tuntun:

=TEXTE(A2;"aaaa-mm-jj")

Òpó yẹn ni kí o fi CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí àmì kan pín òpó rẹ̀) kó lọ. Excel èdè Faransé máa ń fi point-virgule (;) pín òpó, rántí yàn án nígbà tí o bá ń kó o wọlé. Wàyí o, bèèrè (ká ní rira ni orúkọ tábìlì rẹ, tí ojo àti apo jẹ́ òpó inú rẹ̀):

SELECT SUM(apo) FROM rira
WHERE ojo >= '2024-03-01'
AND ojo < '2024-04-01';

Wò ó pé n kò kọ 31. Oníbàárà mi kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ń ta sìmẹ́ǹtì, àkọsílẹ̀ tiẹ̀ sì ní wákàtí nínú. BETWEEN (láti ibí dé ibẹ̀) ni mo lò, mo parí rẹ̀ sí '2024-03-31', ni gbogbo ọjà tí wọ́n tà lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù bá pòórá. '2024-03-31 16:20:00' gùn ju '2024-03-31' lọ, ó ti ré kọjá ẹnu ààlà nìyẹn. Akọ̀wé rẹ̀ ń wò mí bí ẹni tó gbé owó. Láti ọjọ́ yẹn, "ó kéré sí ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀" ni mò ń kọ. Kò sí pé mo ń wádìí bóyá oṣù náà pé 28, 30 tàbí 31.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà dùn mọ́ mi. Bí ọjà yín bá jẹ́ ọlọ́rọọrún, má kọ 5 o! Àwa ń pè é ní ọrún torí a máa ń ka òní mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà kì í ka òní, 4 ni tiẹ̀. Wá ọjọ́ ọjà kan tó dá ọ lójú. Ká ní 2/3/2024 ni:

SELECT ojo, SUM(apo) FROM rira
WHERE (julianday(date(ojo)) - julianday('2024-03-02')) % 4 = 0
GROUP BY date(ojo);

julianday ń sọ ọjọ́ di nọ́ńbà; % ní tiẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá fi 4 pín iye ọjọ́ tó wà láàárín méjèèjì ló ń wò. Ti ọdún 2022 tó ṣáájú ọjọ́ tí o mú pàápàá á jáde. Bí gàrí bá wá yọjú lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, fi <> rọ́pò = (ìyẹn ni pé kò dọ́gba), kí o bi ìyá ibi tí wọ́n ti rà á.