Ọmọ mi ní Alhaja sàn ju olórí kọ́áyà lọ

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, Dublin ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọkùnrin wa àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 14. A rán an lọ sọ́dọ̀ ìyá mi nígbà ìsinmi pé kó lọ gbọ́ Yorùbá, kó jẹ ìkọ́kọrẹ́, kó mọ ẹbí. Ó sì mọ̀ wọ́n lóòótọ́. Àbúrò ìyá mi kan tó jẹ́ Alhaja wà nínú àgbàlá kan náà. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi gbéra, òun ló wá mọ́tò lóru, òun ló jókòó tì í lọ́sibítù títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹnì kan tún wà nínú ìjọ ìyá mi, olórí kọ́áyà ni. Ó jẹ ìyá mi lówó, ó ti pẹ́. Bó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa gbà.

Ọmọ yìí dé, kò tíì tú báàgì tán, ó ní: "Mọ́mì, bí Alhaja bá dára tó báyìí tí kì í sì í ṣe Kristẹni, kí ni jíjẹ́ Kristẹni ń ṣe fún èèyàn gan-an?" Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun níléèwé tí wọn ò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kì í purọ́, wọn kì í sì í fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún yìí ló yẹ kí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ní òun ò lọ sí kíláàsì rẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ ní òun á wọ́ ọ lọ ni. Ìyá mi ní ayé òyìnbó ti wọ̀ ọ́ lórí. Kí ni kí n sọ fún un?

Èsì

Arábìnrin mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ṣàgámù ni wọ́n ti bí mi, Manchester ni mo ti ń tọ́ tèmi, nítorí náà ohun tí ẹ kọ yìí kò ṣàjèjì sí mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ayé òyìnbó kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjẹ̀bú-Òde lọmọ yín ti gbé ìbéèrè bọ̀, kì í ṣe Dublin. Ibo ló sì tún yẹ kí irú rẹ̀ ti wá? Àwọn baba ńlá wa kò fẹ́ rí míṣọ́nárì sójú. Ẹ̀gbá ti ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, Ìjẹ̀bú ṣì ti ilẹ̀kùn pa. Ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní 1892 ni ọ̀nà tó là. Ìgbàgbọ́ rọ́ wọlé, Ìmàle tó ti wà ńbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ náà gbilẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú agboolé kan náà, ẹ̀gbọ́n lè máa jẹ́ Jósẹ́fù kí àbúrò máa jẹ́ Yusuf, kí wọ́n sì jọ jẹ ẹran Iléyá àti ráìsì Kérésì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bó bá di ọjọ́ kẹta Iléyá, Kristẹni tó wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, á ránṣọ, á wé gèlè, á lọ sí Ojúde Ọba. Ọmọ tó bá lo ìsinmi nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè gbà fún ẹnikẹ́ni pé Kristẹni nìkan ló ni ìwà rere.

Àwa ará Rẹ́mọ ti bá ìbéèrè yìí gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ tó ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni Tai Solarin. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí i sí ní 1922, iléèwé àwọn Mẹ́tọ́díìsì, Wesley College n'Íbàdàn, ló ti kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ó dàgbà tán, ó ní òun kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi bò fún ẹnì kankan. Nígbà tó ń ṣe ọ̀gá iléèwé Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀rọ̀ àdúrà àárọ̀ dìjà, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ n'Íkẹ́nnẹ́ ní 1956. Ṣòkòtò péńpé àti fìlà ló ń wọ̀ káàkiri. Ó ń bá àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ dáko, ó ń bá ìjọba ológun wí títí wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn àgbà ìjọ wa á gbàdúrà fún ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Tó bá di Mọ́ńdè, wọ́n á lọ gba fọ́ọ̀mù Mayflower fún ọmọ wọn. N kò gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin yẹn kì í ṣe iṣẹ́ rere.

Jésù alára kò ṣe irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Nínú Lúùkù orí 10, amòfin kan bi í pé ta ni ọmọnìkejì òun. Nínú ìtàn tó fi dá a lóhùn, àwọn ọlọ́ṣà lu ọkùnrin kan bolẹ̀ lójú ọ̀nà, àlùfáà àti ọmọ Léfì gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà kọjá, ará Samáríà tí àwọn Júù kò kà sí olùjọ́sìn tòótọ́ ló dúró wẹ ojú ọgbẹ́, tó sì sanwó ilé èrò. Ọmọ yín ti fojú ara rẹ̀ rí ìtàn yẹn. Ẹnì kan gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹnì kan wá mọ́tò lóru. Tí ẹ bá lọ sọ fún un pé oore Alhaja kò já mọ́ nǹkan kan, Bíbélì gan-an lẹ ń bá jiyàn.

Kí wá ni ìgbàgbọ́ ń ṣe fún èèyàn? Ó hàn sí mi pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́ ni pé ó fi Kristẹni sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kì í ṣe Kristẹni, ó ń wò ó pé ta ló yọrí jù. Ọ̀pọ̀ àgbà ń ṣe bẹ́ẹ̀, a tiẹ̀ ń fi ṣe ìwàásù. Ẹ bá a ka ti Sákéù nínú Lúùkù orí 19. Olórí agbowó-orí ni, ó lówó, gbogbo ìlú kórìíra rẹ̀. Jésù wọlé rẹ̀, a kò sì kà á níbì kankan pé ó wàásù fún un nípa owó. Ọkùnrin náà ló dìde fúnra rẹ̀. Ó ní ìdajì ohun tí òun ní, tálákà ló ni ín, ẹni tí òun bá sì ti rẹ́ jẹ, òun á san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Kò ní òun ti wá sàn ju Farisí lọ. Kò ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin. Àpò ló kọ́kọ́ tú. Sákéù àná lẹ máa fi wọn Sákéù òní, kì í ṣe aládùúgbò rẹ̀. Alhaja lè jẹ́ onínúure láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ ahun, tó jẹ́ oníbìínú, ìgbàgbọ́ ti fà á dé ìdajì ọ̀nà, kò sì tíì dé ibi tí Alhaja ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ló mọ iṣẹ́ tí Ọlọ́run ti ṣe.

Èyí kò dá olórí kọ́áyà láre o. Jákọ́bù ní ìgbàgbọ́ tí kò ní iṣẹ́, òkú ni, ohùn tẹ́nọ̀ kò sì lè jí i. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún ọmọ ọdún 14 pé ẹnì kan jẹ gbèsè? Mátíù orí 18 ní bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, lọ bá a, kó ku ìwọ àti òun nìkan. Bóyá Màmá ti ṣe bẹ́ẹ̀, n kò fẹ́ ṣe àròsọ. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ìgbàgbọ́ ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jẹ lówó náà.

Ìyá tèmi kò mọ̀wé. Mẹ́tọ́díìsì ni, gàrí ló ń tà. Ẹni tó bá mọ ọjà gàrí mọ̀ pé kóńgò ní àṣírí. Àwọn kan á lu ìdí rẹ̀ wọnú, àwọn kan á fi páálí tẹ́ ìsàlẹ̀. Àwọn mìíràn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rẹ́ni jẹ: wọ́n á fẹ́ gàrí náà wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, orí rẹ̀ á yọ gọngọ, inú rẹ̀ á sì fúyẹ́. Ìyá mi á bù ú, á gbọ̀n kóńgò lẹ́ẹ̀mejì kó lè rọlẹ̀, á tún bù kún un títí yóò fi máa dà sílẹ̀ létí, kó tó wá fi èènì lé e. N kò gbọ́ kó wàásù fún oníbàárà rí. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń kírun ládùúgbò á máa rán ọmọ wọn pé, "Ọ̀dọ̀ ìyá oníṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni kó o ti rà á o, má yà síbòmíràn." Òfin òṣùwọ̀n òtítọ́ wà nínú Léfítíkù orí 19. Ó dá mi lójú pé ìyá mi kò lè ṣí i bá yín.

Èmi àti ẹ̀yin kò ní kóńgò níbí. Fọ́ọ̀mù la ní. Àdírẹ́sì tí a kọ kí ọmọ lè wọ iléèwé tó dára, ṣé ibẹ̀ là ń gbé? Nígbà tí fóònù dún, ta ló ní kí ọmọ dáhùn pé "Dádì ò sí nílé"? Ẹni tó kó àjọ ṣáájú, ṣé ó ṣì ń gbé ìpè lóṣù tó tẹ̀ lé e? Ọmọ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ látinú yàrá tí a rò pé ó ti ń ṣe géèmù. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tó ń gbà lójoojúmọ́, ó sì gùn ju ti ọjọ́ Ìsinmi lọ.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwọn kan nínú wa tó ní ilé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Wọ́n mú èèyàn wá láti ilé, físà ẹni náà sì wà lọ́wọ́ wọn. Àdúrà ni wọ́n fi ń ṣí ìpàdé, àdúrà ni wọ́n fi ń pa á dé, owó ọ̀yà kò sì ní pé, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọmọlọ́mọ kò ríbi fẹjọ́ sùn. Jákọ́bù yìí kan náà, ní orí 5, ní ọ̀yà alágbàṣe tí wọ́n há mọ́wọ́ ń ké, igbe rẹ̀ sì ti dé etí Olúwa. Ọmọbìnrin mi gbọ́ irú rẹ̀ kan nínú ìjọ kan nítòsí wa. Kò bi mí bóyá Ọlọ́run wà. Ó bi mí bóyá pásítọ̀ mọ̀. Irú ìyẹn ló ń lé ọmọ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe Alhaja.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ má wọ́ ọ lọ, ẹ má sì jẹ́ kó pa kíláàsì tì. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrìbọmi fún un lọ́mọ ọwọ́, ẹ̀yin àti àwọn òbí ìrìbọmi rẹ̀ lẹ bá a jẹ́jẹ̀ẹ́. Ìgbọ́wọ́lé ni ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti máa sọ pé òun gbà. Ẹni tí wọ́n wọ́ dé iwájú pẹpẹ, kí ló gbà?

Ìlú yín ti jà sí ọ̀rọ̀ yìí rí. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú, Joseph Shadare àti àwọn mélòó kan nínú ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ gbàdúrà fún ìwòsàn. Sophia Odunlami, ọ̀dọ́bìnrin tó jẹ́ tíṣà, wà lára wọn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń jẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ kò tọ́, pé ó yẹ kí èèyàn fúnra rẹ̀ gbàgbọ́ ná. Lórí èyí àti ọ̀rọ̀ ìwòsàn, wọ́n fi Áńgílíkà sílẹ̀ ní 1922, wọ́n sì wà lára àwọn tí Ìjọ Àpósítélì Kristi ti ara wọn hù. Wọ́n kọ oògùn pẹ̀lú. Ní tèmi, n kò bá wọn dé ibẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè pe ìbéèrè ọmọ yín ní ayé òyìnbó nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ Ìjẹ̀bú-Òde ti ń béèrè èyí tó fara jọ ọ́ kí wọ́n tó bí ìyá yín.

Tó bá jẹ́ tèmi, mo máa sọ fún un pé òótọ́ ló rí, Alhaja dára, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pè é lórí fóònù kó sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀, lédè Yorùbá tó lọ kọ́. Mo máa ní kó má wo olórí kọ́áyà mọ́, kó máa wo ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀, kó sì sọ fún yín tí ohun tó rí nílé bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀ ń gbàdúrà lé lórí. Ẹ múra o, ó máa sọ ọ́, àwọn ọmọ ibí kì í bo nǹkan.

Kó gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ sí kíláàsì gan-an, kó bi àlùfáà. Kí bàbá rẹ̀ náà bá a lọ, kó jókòó sẹ́yìn, kó gbọ́ èsì. Tí ọmọ bá sì ní òun kò tíì ṣe tán, kò sí wàhálà. Bíṣọ́ọ̀bù á tún padà wá.