Igi ṣíji bo ilé wa, ewé sì ń bo ẹ̀rọ amúlétutù: ṣé ká gé igi ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdúgbò tó ti pẹ́ là ń gbé, igi ńláńlá ló sì ṣíji bo ilé wa. Ewé kì í tán lára ẹ̀rọ amúlétutù tó wà níta, omi sì ti ń jò láti ara èyí tó wà nínú ilé. Oníṣẹ́ tó wá wò ó ní ká gé igi tó sún mọ́ ọn, ká sì máa rọ gáàsì sí i lọ́dọọdún. Nígbà òtútù, ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń lo gáàsì ìdáná la máa ń tàn. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú àdá. Igi yẹn ń ràn yín lọ́wọ́. Oòrùn tí kò bá ráyè lu òrùlé àti fèrèsé, pàápàá fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kò ní í mú ooru wọlé, ẹ̀rọ ò sì ní í ṣe wàhálà láti lé e jáde. Àmọ́ ibòji tó bo ẹ̀rọ ìta fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é láǹfààní, nítorí afẹ́fẹ́ àyíká ló ń fà. Àyè ló nílò. Ẹ jẹ́ kó tó 60 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń tu afẹ́fẹ́ sókè, kí òkè rẹ̀ ṣófo tó mítà kan àbọ̀. Ẹ̀ka tó bá wọ inú àyè yìí ni kí ẹ gé, kì í ṣe igi.

Ewé ńlá tí ẹ ń rí kọ́ ló ń dà mí láàmú jù, ọwọ́ lásán lẹ lè fi kó ìyẹn. Èyí tó burú ni ìyẹ́ èso igi àti ìyẹ̀fun òdòdó tó ń fò wọ àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó yí ẹ̀rọ náà ká. Wọ́n á lẹ̀ pọ̀ bí òwú, wọ́n á dí ojú ihò, ẹni tó bá dúró lókèèrè á sì rò pé ẹ̀rọ mọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ pa iná rẹ̀ níbi súìṣì tó ń gbé iná lọ síbẹ̀. Pípa á láti inú ilé nìkan kò tó. Omi rọ́bà lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, láti inú wá síta bó bá ṣeé ṣí, kí ìdọ̀tí lè gba ibi tó gbà wọlé jáde. Ẹ má lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, torí agbára omi rẹ̀ máa ń tẹ irin pẹlẹbẹ yẹn, afẹ́fẹ́ ò sì ní í ráyè kọjá mọ́.

Ní ti omi tó ń jò nínú ilé, ẹ kọ́kọ́ wo fílítà. Bó bá ti dí, afẹ́fẹ́ ò ní í kọjá tó, yìnyín á mú kọ́ìlì, ìyẹn páìpù lílọ́ tó máa ń tutù nínú ẹ̀rọ náà, nígbà tó bá sì yọ́, omi á kún bo àwo tó ń gbà á. Bí fílítà bá mọ́, páìpù tí omi ń gbà jáde ni kí ẹ fura sí. Abẹ́ igi máa ń tutù rinrin, nǹkan yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ bí ewéko odò sì máa ń hù sínú páìpù bẹ́ẹ̀. Ẹ da fínígà funfun ife kan síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó da omi tẹ̀ lé e. Bí omi ò bá tíì lọ, ẹ pe oníṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ rírọ gáàsì lọ́dọọdún yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Gáàsì inú ẹ̀rọ amúlétutù kì í tán bí epo mọ́tò. Yíyí ló ń yí po nínú páìpù tí wọ́n ti dí pa. Bó bá dín kù, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Ẹ wo bóyá gbòǹgbò igi ti gbé pèpéle ẹ̀rọ ìta sókè tó fi tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ìyẹn lè fa páìpù níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀.

Ẹ ò béèrè nípa ihò èéfín ẹ̀rọ amúlégbóná, òun sì ló ń kọ mí lóminú jù. Ewé àti ìtẹ́ ẹyẹ lè dí i, carbon monoxide, ìyẹn gáàsì olóró tó ń tinú iná jáde, á wá padà sínú ilé. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Kí òtútù tó dé lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yẹ ihò yẹn wò, kó sì fi ìdérí onínẹ́ẹ̀tì tó bá a mu sí i lórí. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ké bí carbon monoxide bá wà nínú afẹ́fẹ́, ẹ fi ọ̀kan sí ìtòsí yàrá tí ẹ ń sùn, àti ọ̀kan ní àjà kọ̀ọ̀kan. Bó bá ké, tàbí tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ gbogbo yín tí èébì sì ń gbé yín, gbogbo ilé ni kó jáde síta kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí oníṣẹ́ yẹn bá padà wá, ẹ ní kó wá ibi tí gáàsì ti ń jò kó tó rọ òmíràn. Bó bá kọ̀, ẹ pe ẹlòmíì.