Afárá irin wa ti ń dípẹtà: ṣé ọ̀dà tuntun tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Afárá irin àtijọ́ kan wà lórí odò kékeré àdúgbò wa ní Àgbádárìgì. Ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà á, ọ̀kadà ń gbà á. Ó ti ń dípẹtà. A ti dáwó jọ. Wẹ́dà ní òun á jó irin lé ibi tó ti jẹ, ká wá kùn ún lọ́dà. Ṣé ó tọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà sinmi ná. Irin gbọọrọ tójú ń rí kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára irú afárá yìí, oríkèé ni, pàápàá tìsàlẹ̀, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ àti ewé ti ń di ihò tí omi ń gbà jáde. Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wá síbẹ̀, iyọ̀ sì ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, kì í jẹ́ kó gbẹ tán.

Ẹ kó ìdọ̀tí yẹn kúrò, ẹ la ihò omi, ẹ fi omi rẹ oríkèé kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́. Bí àárín àwo irin méjì tí wọ́n kàn pọ̀ bá ti wú, ìpẹtà ti wọ ibẹ̀. Àyè tó ń gbà ju ti irin tó jẹ lọ ní ìlọ́po mélòó kan, ó sì lè já rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó olórí róbótó tó so wọ́n pọ̀. Ẹ gbé ìka lé ẹ̀gbẹ́ kan orí rífẹ́ẹ̀tì, ẹ fi òòlù kékeré lu ẹ̀gbẹ́ kejì. Èyí tó bá mì lábẹ́ ìka ti tú. Ẹ fi ẹfun sàmì sí i.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pààrọ̀ wọn: a yọ ẹyọ kan, a fi bóòtù líle tó kún ihò náà rọ́pò, a dè é le, ká tó fọwọ́ kan èkejì. Ẹni tó yọ gbogbo ti oríkèé kan lẹ́ẹ̀kan náà ti tú afárá nìyẹn, torí àwọn onígun mẹ́ta tí irin wọ̀nyẹn ṣe, ara wọn ni wọ́n gbé ró.

Ní ti jíjó, kí irin ìgbàlódé tó gbòde ní nǹkan bí ọdún 1890, irin rírọ ni wọ́n sábà fi ń ṣe afárá, ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí tó kù láti inú iná tí wọ́n fi ṣe irin, sì wà nínú rẹ̀ ní fọ́nrán-fọ́nrán. Ohun tí wẹ́dà bá jó mọ́ ọn lè ṣí kúrò ní ìpele-ìpele bí ẹrù bá fà á. Ẹ wá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò gbé ẹrù, tó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gé díẹ̀, ẹ fi ayùn ha á lójú kan, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá ya bí igi ìdáná, irin rírọ ni. Ẹ má jó nǹkan kan mọ́ ọn. Bí kò bá ya bẹ́ẹ̀, ẹnjiníà ni kó sọ ibi tó ṣeé jó.

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ má fi iná sí i. Ẹ fi omi rẹ ẹ́, ẹ tẹ́ tapólì sábẹ́ kó má bọ́ sódò, kí ọmọdé jìnnà. Omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi fọ irin. Iyọ̀ tó bá kù lábẹ́ ọ̀dà tuntun ló ń wú u. Ọjọ́ tí irin bá mọ́, tó gbẹ, ni kí ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, lẹ́yìn tí ìrì ti lọ. Etí irin àti orí rífẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, torí ọ̀dà kì í nípọn níbẹ̀.

Títí ẹnjiníà afárá yóò fi wọn bí irin tó kù ṣe nípọn tó, ẹ fi òpó dí ẹnu afárá náà fún ọ̀kadà. Bí rífẹ́ẹ̀tì tó tú bá ju ẹyọ kan lọ ní oríkèé kan, ẹlẹ́sẹ̀ pàápàá, kó yà.