Gbígbé ìbọn eré kọjá ààlà ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ẹ má sùn sí Newark

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland ni mò ń gbé, mo sì ní gíríìn káàdì. Ìdíje ìyìnbọn sójú àmì kan ń bọ̀ ní New Hampshire, mo fẹ́ wa jíìpù mi lọ pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ mi. Mágásíìnì rẹ̀, ìyẹn àpò tí ọta ń wà nínú ìbọn, ń gba ọta 17. Mo fẹ́ sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Newark, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, lọ́nà. Àbúrò mi tó wá kàwé níbí fẹ́ tẹ̀ lé mi, kó lè yìnbọn díẹ̀. Ṣé kò léwu? Àbí kí n kúkú wọ bàálù?

ÌDÁHÙN: Ohun méjì ló wà nínú lẹ́tà yín tó lè sọ ìrìn eré di ẹjọ́ ọ̀daràn: oorun Newark àti àbúrò yín. Mágásíìnì yẹn ló tẹ̀ lé wọn.

Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ẹ máa gbára lé ni abala 926A, tí wọ́n ṣe ní 1986. Ó ní bí òfin ibi tí ẹ ti ń bọ̀ bá gbà yín láyè láti ní ìbọn náà kí ẹ sì gbé e, tí ti ibi tí ẹ ń lọ náà sì gbà yín láyè, ìpínlẹ̀ tó wà láàárín kò gbọdọ̀ fìyà jẹ yín nítorí pé ẹ gbé e kọjá, bó ti wù kí òfin tiwọn le tó. Maryland gbà kí ẹ gbé ìbọn tí kò ní ọta nínú, nínú àpò rẹ̀ tó ní ìdérí, lọ síbi ìyìnbọn. New Hampshire ò béèrè ìwé àṣẹ. Àárín ọ̀nà nìkan ló le.

Kíkọjá ni òfin yẹn ń dáàbò bò. Kí ẹ dúró ra epo, kí ẹ tọ̀, kí ẹ jẹun kí ẹ máa lọ, ìyẹn kì í sábà fa wàhálà. Oorun yàtọ̀. Ní 2005, Gregg Revell, ará Utah, wọ bàálù lọ sí Pennsylvania, ó sì fẹ́ gba Newark kọjá. Ìrìn rẹ̀ dàrú níbẹ̀, ó gba ẹrù rẹ̀, ó gbé e lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ní pápákọ̀ òfurufú pé ìbọn wà nínú ẹrù òun, bí òfin ṣe ní kó ṣe. Wọ́n mú un. Wọ́n pa ẹjọ́ náà tì nígbẹ̀yìn, àmọ́ nígbà tí òun náà pe àwọn tó mú un lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ sọ ní 2010 pé níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó ìbọn àti ọta náà ní hòtẹ́ẹ̀lì, ààbò 926A kò kàn án mọ́. Ní New Jersey, ìbọn ìléwọ́ láìsí ìwé àṣẹ lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 10.

Nítorí náà, ẹ má gba ọ̀nà márosẹ̀ I-95, tó gba New Jersey kọjá. Ẹ gba I-83 lọ sí Harrisburg ní Pennsylvania, kí ẹ bọ́ sí I-81 dé Scranton, kí ẹ sùn síbẹ̀. Òfin Pennsylvania fúnra rẹ̀ fàyè gba ẹni tó ń gbé ìbọn tí kò ní ọta nínú lọ síbi ìyìnbọn. Lọ́jọ́ kejì, I-84 máa gbé yín gba New York àti Connecticut dé Massachusetts, láìfẹsẹ̀ kan New Jersey rárá. Bíi wákàtí márùn-ún ni láti Scranton dé ààlà New Hampshire. Bí ẹ bá ń bọ̀, ọ̀nà kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n lè bínú o. Ẹ ní kí wọ́n wá bá yín jẹun ní Scranton.

Jíìpù ò ní búùtù tó dá dúró. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn lè nawọ́ mú ohun tó wà níbẹ̀. Nítorí èyí, òfin ní kí ìbọn àti ọta wà nínú àpótí tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì. Píjìnhóòlù àti àpótí àárín ìjókòó méjèèjì kò kà, bí ẹ bá tilẹ̀ tì wọ́n. Ẹ yọ mágásíìnì, ẹ fa irin orí ìbọn sẹ́yìn kí ẹ fi ojú àti ìka yẹ ihò ọta wò, kí ẹ tó fi sínú àpótí líle, kí ẹ sì ti àgádágodo mọ́ ọn. Ọta lọ sínú àpótí kejì, òun náà ní títì. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀yìn pátápátá, kí kọ́kọ́rọ́ má wà lára wọn. Ìwé ọkọ̀ yín kò gbọdọ̀ wà nítòsí wọn: bí ọlọ́pàá bá béèrè rẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ máa tú ẹrù ìbọn lójú rẹ̀. Ẹ tẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdíje àti ti hòtẹ́ẹ̀lì Scranton jáde sórí bébà, torí pé òun lẹ máa fi hàn pé ẹ ní ibi tí ẹ ń lọ.

Mágásíìnì ọta 17 yẹn, ẹ fi sílé. New York, Connecticut àti Massachusetts ò gbà ju ọta 10 lọ. Ìbọn àti ọta ni 926A dárúkọ. Kò dárúkọ mágásíìnì. Ẹ ra méjì tàbí mẹ́ta tó ń gba ọta 10. Ọta tí orí rẹ̀ ní ihò náà kò wúlò fún bébà àmì, ẹ má kó o dání.

Bí físà akẹ́kọ̀ọ́ bá ni àbúrò yín ń lò, òfin ìjọba àpapọ̀ kà á sí ẹni tí kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ti ẹlòmíì, ì báà jẹ́ èyí tó háyà fún wákàtí kan. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15, wọ́n sì lè dá a padà sílé. Físà iṣẹ́ àti ti àbẹ̀wò náà, bákan náà ni. Ọ̀nà àbáyọ tí ọ̀pọ̀ ń lò ni láísẹ́nsì ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà fún un, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Bí kò bá ní i lápò, kó jókòó wòran, kó má sì gbé àpótí ọta bá yín. Gíríìn káàdì tiyín kò ní ìṣòro yìí.

Bàálù rọrùn bó bá lọ tààrà sí Manchester ní New Hampshire. Ìbọn tí kò ní ọta nínú, nínú àpótí líle tí etí rẹ̀ kò ṣeé fà ṣí bí ẹ bá ti tì í, abẹ́ bàálù nìkan ló ń lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níbi ìgbẹ́rù. Ọta wà nínú páálí tí wọ́n ṣe fún un. Kílò 5 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ń gbà. Àpò tí ẹ máa ń gbé lọ síbi ìyìnbọn, ẹ má fi ṣe báàgì ọwọ́: ọta kan ṣoṣo tó bá sá sí ìdí rẹ̀ ti tó kí TSA, àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú, dá yín dúró. Bí bàálù bá sì ya sí Newark tàbí New York, tí wọ́n ní kí ẹ wá gba ẹrù yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ bàálù tàbí ọlọ́pàá ibẹ̀ pé ìbọn wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí ẹ ó fi wọ bàálù mìíràn.